Ọṣẹ Tí Mo Fi Orúkọ Ọmọ Mi Pè

Ọṣẹ wà lórí iná nígbà tí ìpè náà wọlé. Ó ti dé ibi tí èèyàn kò lè fi í sílẹ̀, níbi tí àdín àti omi eérú ti ń ki pọ̀, tí ó ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bí o bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, ìdí rẹ̀ á jóná, òkè rẹ̀ á sì dá omi sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ọmọrogùn mú. Ni Arámidé ọmọ mi bá gbé fóònù sáré jáde láti inú ilé.

"Mọ́mì, Alhaja alóbì ni."

"Tẹ̀ ẹ́ kí ó máa sọ síta. Ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Alhaja bú jáde bí ẹni pé ẹ̀yìn wa ló dúró sí.

"Ìyá Arámidé! Wá wo ohun tí ọṣẹ rẹ fi ọmọ mi ṣe! Ojú ọmọ ti bó, ọrùn rẹ̀ ti bó! Ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́! Ibi yòówù kí o wà, mo ní kí o wá báyìí báyìí!"

Ó gé e. Arámidé wò mí, ó wo ìkòkò, ó tún wò mí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ó ti mọ orúkọ rẹ̀ kà. Orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára gbogbo ike tí mo fi ń tajà: Ọṣẹ Arámidé, Òrí Arámidé.

Mo fa igi kúrò nídìí ìkòkò. Mo mọ̀ pé ọṣẹ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo fi ọmọ sọ́dọ̀ ará ilé kejì, mo bù nínú ọṣẹ tí mo ta fún Alhaja, èyí tó kù nílé, mo wé e sínú ọ̀rá, mo gun ọ̀kadà.

Kí ẹ tó bá mi débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ògijo, a máa ń di ọjà sínú páálí lórí ìdúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, títí oyún Arámidé kò fi jẹ́ kí n lè dúró pẹ́ mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, ní Ìpẹ̀rú, ni mo lọ bímọ sí. Màmá àgbà yìí ń se ọṣẹ dúdú. Kò kọ́ mi bí ẹni kọ́ṣẹ́ o. Ó kàn ń pè mí pé, "Bá mi di èyí mú," "Bá mi ro ó díẹ̀ kí n lọ kírun," títí ó fi di pé èmi ni mò ń se é, òun ni ó jókòó tí ó ń bú mi.

Ohun tí a fi ń se ọṣẹ dúdú kò ju eérú, omi àti àdín lọ. Àwọn kan ń sun èèpo kòkó fún eérú tiwọn. Èèpo obì ni Màmá mọ̀, nítorí òun ni ó pọ̀ ní agbègbè wa. A ó sá a gbẹ, a ó sun ún títí eérú rẹ̀ yóò fi funfun. A ó wá dà á sínú ajere, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, a ó sì rọra máa bu omi sí i lórí. Omi tó bá ń kán jáde nísàlẹ̀, tí ó pọ́n bí tíì, òun ni à ń pè ní omi eérú. Ó ń ta bí ata. Òun àti àdín ni a ó jọ gbé ka iná, a ó sì máa ro ó títí apá yóò fi fẹ́ já.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é ní kánjúkánjú ni ẹ̀yìn ìgbà tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọṣẹ tuntun ṣì ní oró nínú. Màmá máa ń sọ pé ó gbọ́dọ̀ sùn. Ó máa ń kó o sínú abọ́, á fi ewé bò ó, á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó bá yá, á fi ìka bù ú bíńtín, á fi kan ahọ́n. Bí ó bá ta á, á dá a padà, kó tún máa sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ní kí n tọ́ ọ wò, mo ní, "Màmá, ọṣẹ ni kí n jẹ?" Ó ní, "Jẹ ẹ́. Bí kò bá ta ìwọ, kò ní ta ọmọ ọlọ́mọ."

Òrí ni èmi fi kún tèmi nígbà tí mo padà sí Ṣàgámù. Mo máa ń yọ́ ọ lórí omi gbígbóná, mo máa ń sẹ́ ẹ, mo máa ń da àdín àgbọn díẹ̀ sí i, mo sì máa ń fi ohun tí a fi ń po ẹyin pò ó títí yóò fi wú. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé e sínú fíríìjì kí ó lè dì. Ọjọ́ kan ni ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti ooru, ó ṣí fíríìjì, ó rí abọ́ kan tó kún fún nǹkan wíwú rọ̀bọ̀tọ̀, ó mú ṣíbí. Mo wà ní yàrá tí mo gbọ́ tí ó ń pariwo, "Irú áísìkirímù wo nìyí?" Ọ̀sẹ̀ yẹn, ètè rẹ̀ ń dán ju ti ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ.

Ẹni tó gbé orúkọ mi jáde ni Alhaja yìí. Ilé rẹ̀ wà ní Màkún, àgbàlá rẹ̀ kì í gbẹ fún àwọn obìnrin tó ń ṣa obì, oko rẹ̀ sì wà ní ọ̀nà Likosi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ta èèpo obì fún mi, ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló ń ta pàǹtí? Kó o lọ, ó ń dí wa lọ́nà." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bímọ nílé rẹ̀ tàbí nílé àna rẹ̀, ọṣẹ mi àti òrí mi ni ó máa ń gbé lọ kí i. Ohun tó bá sì sọ lágbàlá rẹ̀ ní àárọ̀, gbogbo alóbì Ṣàgámù á ti gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, lórí ọ̀kadà yẹn, mo mọ ohun tó wà níwájú mi. Bí ọṣẹ mi bá bó ọmọ Alhaja, kò sí ẹni tí yóò tún fi wẹ ọmọ tirẹ̀.

Àwọn tó ń ṣa obì dáwọ́ dúró nígbà tí mo wọlé. Alhaja jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọmọ lé itan. Sìdíkátù ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró tì í, ó káwọ́ gbera. Rúkáyá, ìyàwó ọmọ Alhaja ọkùnrin, tí ó bí ọmọ náà, wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti gbé obì lọ sí Kánò.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé, Alhaja."

"Má kí mi. Wò ó."

Mo wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pupa, awọ rẹ̀ ń ṣí bí ìwé. Ọrùn rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò rántí ara mi fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí mo rántí, mo tú ọ̀rá, mo fi ìka bu ọṣẹ, mo fi kan ahọ́n níwájú gbogbo wọn. Kò ta mí rárá.

Sìdíkátù ní, "Ẹ gbà mí o, ó ti ń lá ọṣẹ! Ṣé ebi ló gbé ọ wá ni?"

"Àǹtí, ọṣẹ tó bá ń bóra, ahọ́n ló máa kọ́kọ́ bó. Ẹ mú tiyín wá, kí n tọ́ ọ wò."

Wọ́n mú un wá. Mo tọ́ ọ wò. Kò ta mí.

Alhaja wò mí títí. "Bí kì í bá ṣe ọṣẹ, kí ni? Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi yìí ló wẹ gbogbo ọmọ ilé yìí."

"Kí ni ẹ fi ń pa á lára lẹ́yìn ìwẹ̀, Alhaja?"

"Òrí rẹ náà kọ́? Ìyá rẹ̀ ló ń pa á. Rúkáyá, gbé e wá."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé e jáde. Orúkọ ọmọ mi ló wà lára ike náà. Mo ṣí i. Òrí tèmi pupa díẹ̀, ó sì máa ń rùn bí òrí, mi ò lè purọ́, àwọn kan ò tiẹ̀ fẹ́ òórùn náà. Èyí tó wà níbẹ̀ funfun bí ẹ̀fun, òórùn lọ́fínńdà ló ń jáde nínú rẹ̀. Mo mọ òórùn yẹn. Kíríìmù tí wọ́n fi ń bóra ni, ó kún ọjà.

Mo gbójú sókè. Rúkáyá ti ń wò mí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé nínú gbogbo ooru ọ̀sán yẹn, fìlà wà lórí ọmọ náà, wọ́n sì fà á bo etí rẹ̀ méjèèjì.

Ni mo bá rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé pupa la máa ń bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa, etí ni àwọn ìyá fi ń mọ àwọ̀ tí ọmọ ń bọ̀ wá dà. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ń gbé ọmọ kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n sì ń yí etí rẹ̀ wò. Sìdíkátù ní, "Ha! Ẹ wo etí! Eléyìí máa dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Wọn kì í dúdú báyìí nílé wa o, ìyàwó ló gbé e wá." Alhaja sì ní, "Kí wọ́n bá mi tan iná sí i, kí n lè máa rí i gbé." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Rúkáyá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọmọ dé ọwọ́ rẹ̀, ó fa fìlà bo etí rẹ̀.

N ó sọ òótọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí n sọ, orúkọ ọmọ mi á sì mọ́. Mo lè ní, "Alhaja, ẹ bi ìyàwó yín léèrè ohun tó pò mọ́ ọn." Sìdíkátù á gbé e láti ibẹ̀. Kí ọkọ rẹ̀ tó ti Kánò dé, gbogbo Màkún á ti máa fi í han ara wọn pé ìyàwó tó ń bó ọmọ tuntun nìyẹn. Mo wo Rúkáyá.

Mo dé ike náà. Mo ní, "Alhaja, ẹ má fi èyí pa á lára mọ́. Kí a gbé e lọ ọsibítù nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí n bá ìyá rẹ̀ múra."

Nínú yàrá, kí n tó ti ilẹ̀kùn tán, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Díẹ̀ ni mo pò mọ́ ọn. Mo kàn fẹ́ kí ó pupa díẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó dé."

"Dìde. Gbọ́ mi. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, nítorí kò lè tọ́jú ohun tí kò mọ̀. Mú ike kíríìmù náà dání."

"Alhaja ńkọ́?"

"Èmi ò ní sọ ọ́ fún un. Ìwọ ni o máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Rúkáyá, má jẹ́ kí ó pẹ́. Èmi náà ń fi iṣẹ́ yìí bọ́ ọmọ."

Ní ọsibítù, mo bẹ Alhaja pé kí ó bá wa jókòó ti àpò níta, nítorí yàrá náà kéré, ó sì kéré lóòótọ́. Rúkáyá sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó gbé ike rẹ̀ lé tábìlì. Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo mọ́ ọn. Ó ka ohun tó wà lára ike, ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí á má fi nǹkan kan pa ọmọ náà lára mọ́ yàtọ̀ sí oògùn tí òun fẹ́ fún un. Ó ní, "Ara rẹ̀ á padà. Ó dára tí ẹ tètè gbé e wá. Ìwọ ìyá rẹ̀, ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun?" Ìgbà tó bi í ní ìyẹn ni Rúkáyá tó wá sunkún dáadáa.

Alhaja dìde nígbà tí a jáde. "Kí ni wọ́n ní ó bó o?"

"Ohun tó wà nínú ike òrí yẹn ni, Alhaja. Mo ti gbé e kúrò."

"Òrí tìẹ náà nìyẹn."

Mo na àpò ọmọ sí i. Ó gbé ọmọ, ó wọ márúwá, kò wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn kan dá ike padà láìṣí i, wọ́n kàn gbé e sẹ́nu ọ̀nà mi. Àwọn kan kò kọ èsì mọ́ sí mi lórí Wásáàpù. Nígbà tí mo lọ kó èèpo obì, ẹni tó ń ṣọ́ oko ní wọ́n ní kí òun máa sun ún síbẹ̀. Ọkọ mi ní, "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́? Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Mo ní, "O ò tíì jẹ́ ìyàwó ilé rí, kò lè yé ọ." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Tèmi náà kò dùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbé fóònù, tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Alhaja, tí mo sì pa á rẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Arámidé. Ó ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, èyí tí kì í ṣe ìṣe rẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n ní Arámidé ló bó ọmọ Alhaja lára. Mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án."

Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo ní, "Ìwọ kọ́." Ó ní, "Ta ni?" Mo ní kí ó lọ bọ́ aṣọ ilé ìwé.

Mo tún ń se ọṣẹ ní gbogbo àsìkò yẹn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú eérú tó kù sílé. Kò sẹ́ni tó ń rà á. Mo ń jẹ́ kí ó máa sùn.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni márúwá dúró níwájú ilé. Alhaja sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, ó fa àpótí tí mo máa ń jókòó lé ro ọṣẹ, ó jókòó. Ó wo ìkòkò mi, ó wo ajere, ó wo gbogbo àgbàlá yípo.

"Rúkáyá sọ fún mi."

Mo fa ẹní, mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mò ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Mo ní ara rẹ̀ ti padà, mo ní mo dúpẹ́. Ni ó bá sọ ọ́, orí ìdúró ni ó wà. Èmi ni mo ní kí wọ́n tan iná kí n lè rí i gbé, àbí?"

"Ẹ̀yin ni, Alhaja."

"Mò ń ṣeré ni."

"Mo mọ̀, Alhaja."

"Ìwọ mọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ò mọ̀." Ó fi ìdí ìborùn nu ojú, ó ṣe bí ẹni pé èéfín ni, bẹ́ẹ̀ kò sí iná nílẹ̀. "Mo ti bá Sìdíkátù wí. Èmi náà, mo ti bá ara mi wí. Kí ló dé tí o ò tú u fó lọ́jọ́ náà?"

"Ara ọmọ ló jẹ mí lógún níjọ́ náà, Alhaja. Ìyá ọmọ náà ṣì kéré."

Ó sún mọ́ ibi tí ọṣẹ wà. Ó wá na ọwọ́ sí abọ́ tí mo fi ewé bò, ó ṣí i, ó fi ìka bu ọṣẹ, ó sì fi kan ahọ́n ara rẹ̀. Mo ń wò ó. Ó pọ́n ọn lá, ó rò ó wò.

"Kò ta mí," ni ó wí. "Di èyí fún mi, gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i lọ́wọ́ mi bí mo bá wọ àgbàlá. Ohun tí n ó sọ fún wọn, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Má dárúkọ ìyàwó mi fún ẹnikẹ́ni."

"Mi ò ní dárúkọ rẹ̀."

Ó dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó yíjú padà. "Èèpo obì ti pọ̀ jù ní Likosi. Ó ń dí wa lọ́nà. Wá kó o."

Títí di òní, mi ò mọ ohun tó sọ fún àwọn obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n ń béèrè ọṣẹ bí ẹni tí kò lọ síbì kankan. Rúkáyá fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí kí ìyá ọmọ tuntun mìíràn lè kà á, kí ó má baà ṣe bíi tòun. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ ni mo kọ síbí. Bí mo bá ń ta òrí fún ìyá ọmọ tuntun báyìí, mo máa ń ṣí i níwájú rẹ̀, mo máa ń jẹ́ kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó mọ bí tèmi ṣe rí. Bí ó bá béèrè èyí tó ń mú ọmọ pupa, mi kì í bá a jà. Mo máa ń ní kí ó jókòó. Mo máa ń bi í léèrè ẹni tó ń bẹ nílé pẹ̀lú rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Alhaja wá yẹn, mo gbé Arámidé sínú bàsíà, mo ń wẹ̀ ẹ́. Ó ti ń wo Alhaja láti ojú fèrèsé láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé Alhaja ò bínú sí mi mọ́?"

"Kò bínú sí ọ rí. Kì í ṣe ìwọ lo bó o, kì í ṣe ọṣẹ wa. Ẹnì kan ni ẹ̀rù ń bà."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ó ń bẹ̀rù pé ọmọ náà máa dúdú, àti pé wọn ò ní fẹ́ràn rẹ̀."

Ó rò ó títí, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú.

"Èmi ńkọ́? Ṣé dúdú ni etí mi?"

"Dúdú ni," ni mo sọ fún un. "Òun ni mo kọ́kọ́ fẹnu kò lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Ju etí sílẹ̀ kí n fọ ẹ̀yìn rẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀."